Order, Allow àti Deny ti di Require: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí lórí fáìlì kọ́nfígì Apache

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń bójú tó sáfà fún àwọn èèyàn, sáìtì ṣọ́ọ̀ṣì, sáìtì iléèwé, sáìtì àwọn tó ń tajà, ó sì ti tó ìgbà mélòó kan tí wọ́n á pè mí lóru pé sáìtì àwọn ti kú, tí màá débẹ̀ tí màá rí i pé kò kú rárá, àṣẹ tó wà nínú fáìlì kọ́nfígì ló ti di ti àtijọ́. Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí, torí ẹ̀ ni mo ṣe kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Apache, sọ́fítíwíà tó ń gbé sáìtì jáde lórí sáfà, ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí, àmọ́ màá fọwọ́ kan nginx àti Caddy tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Sáìtì mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí sáfà àtijọ́, mo gbé e lọ sórí tuntun, ó wá ń sọ 403 Forbidden (ìyẹn ni pé kò gbà kéèyàn wọlé). Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan. Tí sáfà àtijọ́ bá ń lo Apache 2.2, tí tuntun sì ń lo 2.4, gírámà tí wọ́n fi ń sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí ò lè wọlé ti yàtọ̀: Order, Allow àti Deny ni ti àtijọ́, Require ni tuntun. Fébúárì 2012 ni 2.4 jáde, wọ́n ṣì ń tọ́jú 2.2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ọdún bíi márùn-ún, èyí tó jáde kẹ́yìn nínú ẹ̀ ni 2.2.34 ní Júláì 2017. Àmọ́ fáìlì kọ́nfígì kì í bá sọ́fítíwíà kú o, èèyàn á ṣáà máa dà á kọ láti orí sáfà kan sí òmíràn, ẹni tó kọ ọ́ á ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, fáìlì á ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ lọ wo error log, ìyẹn fáìlì tí Apache ń kọ àṣìṣe sí. Tẹ́ ẹ bá rí AH01630 níbẹ̀, mọ́dúù tuntun (mọ́dúù ni ẹ̀yà Apache tẹ́ ẹ lè tàn tàbí kẹ́ ẹ pa) tó ń jẹ́ mod_authz_core ló lé àlejò yín padà. Tó bá jẹ́ AH01797, mod_access_compat ni, ìyẹn mọ́dúù tó ń gbọ́ èdè àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń kọ, "client denied by server configuration", nọ́ńbà yẹn nìkan ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èwo nínú wọn ló sọ̀rọ̀, torí náà ẹ má fojú fo nọ́ńbà.

Ohun kejì tó máa ń fa 403 yìí lórí Debian àti Ubuntu ni pé apache2.conf tí wọ́n ń kó wá pẹ̀lú 2.4 ti gbogbo fódà orí sáfà pa, /var/www àti /usr/share nìkan ló ṣí sílẹ̀. Tí sáìtì yín bá wà ní /home tàbí /srv, ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín ṣílẹ̀kùn fún un:

    <Directory /srv/sáìtì-yín>
        Require all granted
    </Directory>

Kí gan-an ni wàhálà Order, Allow, Deny? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè kan kẹ́ ẹ dá mi lóhùn láìwo ibì kankan: tẹ́ ẹ bá kọ "Order deny,allow", ẹni tí ẹ ò dárúkọ ẹ̀ nínú Allow, tẹ́ ẹ ò sì dárúkọ ẹ̀ nínú Deny, ṣé ó máa wọlé àbí kò ní wọlé? Mo ti bi àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa kọ́kọ́ dákẹ́. Á wọlé o. Pẹ̀lú deny,allow, Apache á kọ́kọ́ wo gbogbo Deny lápapọ̀, lẹ́yìn náà á wo gbogbo Allow lápapọ̀, Allow ló máa borí, ẹni tí wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá á kọjá. Ẹ wá yí i padà sí allow,deny, gbogbo ẹ̀ á dojú dé: Deny ló máa borí, ẹni tí wọn ò dárúkọ ẹ̀ á dúró síta.

Ohun tó wá ń da orí rú jù ni pé bí ìlà ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú fáìlì ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ lè kọ Allow sókè kẹ́ ẹ kọ Deny sísàlẹ̀, ẹ lè yí i, ìlà Order yẹn nìkan ni Apache ń wò. Ó dà bí kéèyàn fún mẹ́gáàdì ní ìwé méjì, ọ̀kan ní orúkọ àwọn tó lè wọlé, èkejì ní orúkọ àwọn tí ò gbọ́dọ̀ wọlé, kó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tẹ́ ẹ sọ fún un láàárọ̀ ló máa sọ ìwé tó máa gbà gbọ́ tí orúkọ ẹnì kan bá wà nínú méjèèjì. Mẹ́gáàdì ò ṣe àṣìṣe, ẹ̀yin lẹ gbàgbé ohun tẹ́ ẹ sọ fún un.

Àti kọ́mà yẹn o! Àyè ò gbọ́dọ̀ sí lẹ́yìn ẹ̀. "Order deny, allow" máa fún yín ní ẹ́rọ̀, "Order deny,allow" ló dáa. Ìyẹn ò tiẹ̀ bí mi nínú, torí ó ń pariwo. Èyí tí kì í pariwo lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ó dáa, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ ní tuntun?

Èyí tó pọ̀ jù rọrùn gan-an. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí "Order allow,deny" pẹ̀lú "Allow from all", ẹ pa méjèèjì rẹ́ kẹ́ ẹ kọ "Require all granted". Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí "Order deny,allow" pẹ̀lú "Deny from all", "Require all denied" ni. Tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì nìkan lẹ fẹ́ kó wọlé, "Require ip 192.168.1" ti tó, ẹ ò nílò láti kọ́kọ́ ti gbogbo ayé síta, torí tẹ́ ẹ bá ti kọ Require, ẹni tí ò bá a mu ti wà níta nìyẹn. "Require local" ni fún sáfà fúnra ẹ̀. Ìlà kan dípò ìlà mẹ́ta, ẹni tí ò sì rí Apache rí lè kà á kó yé e.

Àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo kọ "Require not ip" fún un, Apache ò gbà.

Òótọ́ ni, kò ní gbà. "Require not" ò lè dá dúró, ó kàn lè sọ ẹni tí ò gbọ́dọ̀ wọlé ni, kò lè sọ ẹni tó lè wọlé, tó bá sì wà lóun nìkan, ta ló máa wọlé? Ẹ fi sínú RequireAll pẹ̀lú ìlà tó ń gba èèyàn wọlé:

    <RequireAll>
        Require all granted
        Require not ip 203.0.113.5
    </RequireAll>

RequireAll túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a mu. RequireAny ní tiẹ̀, ọ̀kan ti tó, òun sì ni Apache ń lò tẹ́ ẹ bá kọ Require púpọ̀ láìfi nǹkan kan yí wọn ká. Ibi tí mo ti rí i tí èèyàn ń ṣubú nìyẹn: wọ́n á kọ "Require valid-user" sókè, "Require ip" sísàlẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ti béèrè méjèèjì, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ní ọ̀kan ti wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ páswọ́ọ̀dù àti IP pọ̀, RequireAll ni o. Nínú gírámà àtijọ́, Satisfy ni wọ́n fi ń sọ ìyàtọ̀ yìí, "Satisfy Any" tàbí "Satisfy All", ìlà kékeré kan tó lè wà níbi tó jìnnà sí ohun tó ń darí.

Kí n tó gbàgbé, tí sáìtì yín bá wà lẹ́yìn Cloudflare tàbí proxy mìíràn (sáfà agbedeméjì tí àlejò ń gbà kọjá), àdírẹ́sì proxy ni "Require ip" máa rí, kì í ṣe ti àlejò. Ẹ tan mod_remoteip, mọ́dúù tó ń jẹ́ kí Apache rí àdírẹ́sì àlejò gan-an, kẹ́ ẹ ṣètò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa dí ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ká kọ tuntun mọ́ ọn? Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Àwọn tó ń kọ Apache mọ̀ pé fáìlì àtijọ́ pọ̀ nílẹ̀, wọ́n wá ṣe mod_access_compat kí Order, Allow, Deny àti Satisfy má baà kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú mi sì dùn sí i torí ó gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ ìdààmú. Àmọ́ ìwé tí wọ́n fúnra wọn kọ sọ pé ká má da méjèèjì pọ̀, mi ò sì kà á sí nígbà yẹn títí ó fi ṣẹlẹ̀ sí mi.

Oníbàárà mi kan ní sáìtì tí wọ́n gbé wá láti sáfà àtijọ́. Nínú kọ́nfígì fódà òkè, ẹnì kan ti kọ "Order allow,deny", "Allow from all" àti "Satisfy Any" síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, mi ò mọ ìdí ẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n ti fódà tí wọ́n ń kó ẹ̀dà dátábéèsì sí, mo kọ "Require ip" pẹ̀lú àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn, mo ṣe configtest (àṣẹ tó ń yẹ gírámà fáìlì wò), ó ní Syntax OK, mo ṣí i láti ọ́fíìsì ó ṣí, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì alẹ́, mo kàn ní kí n fi dátà fóònù mi wò ó, ló bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àyà mi já. Gbogbo ayé ló lè wa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn kọ́sítọ́mà wọn lọ fún odindi ọjọ́ méjì.

Kí ló fà á? Fódà ìsàlẹ̀ jogún Satisfy Any láti òkè, torí mi ò kọ àṣẹ àtijọ́ kankan síbẹ̀ tó lè rọ́pò ẹ̀. Mọ́dúù àtijọ́ ni Apache kọ́kọ́ bi, ó ní "Allow from all, ẹ jẹ́ kó wọlé", Satisfy Any sì ní ọ̀kan ti tó, wọn ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Require mi rárá. Kò sí ẹ́rọ̀, kò sí ìkìlọ̀. Mo sọ fún oníbàárà náà lóru ọjọ́ yẹn, a yí gbogbo páswọ́ọ̀dù, mo sì jókòó ka access log, àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sí sáìtì, ìlà kan lẹ́yìn èkejì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì dà á pọ̀ láìsí Satisfy Any, òdìkejì ni: méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbà, "Deny from all" òkè á máa lé ẹni tí Require ìsàlẹ̀ ní kó wọlé, AH01797 lẹ máa rí nínú log. Ìyẹn sàn, torí èèyàn á pè yín. Ẹnikẹ́ni ò ní pè yín pé ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀.

Sáfà tuntun ní "Invalid command 'Order'". Ṣé kí n tan mod_access_compat?

Tó bá jẹ́ pé sáìtì wà nílẹ̀ tí wọ́n sì ń pariwo lé yín lórí, ẹ tàn án, kí sáìtì dìde. Tí ara bá ti rọ̀ yín, ẹ yí fáìlì padà kẹ́ ẹ sì pa á. Lórí Debian, "a2dismod access_compat" lẹ máa fi pa á. Èmi ti máa ń pa á lórí gbogbo sáfà tí mo bá gbé dìde báyìí, torí ó mú kí gbogbo Order tó sá pamọ́ síbì kan jáde fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Yàtọ̀ sí Require, kí ló tún yí padà?

Díẹ̀ ni màá sọ. NameVirtualHost ò ṣe nǹkan kan mọ́, ìkìlọ̀ lásán ló máa fún yín, ẹ yọ ọ́. MaxClients ti di MaxRequestWorkers, àmọ́ wọ́n ṣì ń gbọ́ orúkọ àtijọ́. Lórí Debian tuntun, fáìlì tó wà ní sites-enabled gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú .conf, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Apache ò ní kà á, sáìtì yín ò sì ní hàn rárá, ojú ewé Debian ni wọ́n máa rí.

Options, àṣẹ tó ń sọ ohun tí Apache lè ṣe nínú fódà kan: tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ "Options Indexes +FollowSymLinks", èyí tó ní àmì àti èyí tí ò ní, Apache 2.2 á gbà á, á sì ṣe ohun tẹ́ ẹ ò ní lọ́kàn. 2.4 ò gbà á mọ́, ó ní kí gbogbo ẹ̀ ní àmì tàbí kó má sí èyí tó ní. Àwọn kan bínú sí èyí, inú tèmi dùn sí i gan-an.

AllowOverride ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, All ni. Ní 2.4, None ni, ìyẹn ni pé Apache ò ní ka .htaccess yín, fáìlì àṣẹ kékeré tẹ́ ẹ máa ń fi sínú fódà, rárá. Ẹ rò ó wò: "Deny from all" wà nínú .htaccess fódà kan, Apache ò kà á mọ́, fódà ti ṣí. Mo gbà pé None ló dáa jù, ó yára jù, ó sì láàbò jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tuntun. Àmọ́ fún ẹni tó ń kó láti ibi àtijọ́ bọ̀, ìyípadà tí ò fọhùn ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gírámà tó ṣòro báyẹn?

Wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Ní 1993, Rob McCool kọ NCSA HTTPd ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà. Fáìlì mẹ́ta ló ní: httpd.conf, srm.conf àti access.conf. Inú access.conf yẹn ni order, allow, deny àti require ti wá. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, àwọn tó ń lo sáfà náà ń pín àtúnṣe láàárín ara wọn, láti ibẹ̀ ni Apache ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, wọ́n sì rí i dájú pé fáìlì ẹni tó ń bọ̀ láti NCSA á ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ìdí tí èèyàn fi tètè gba Apache wà nínú ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá jogún ilé á jogún ibi tó ń jò mọ́ ọn. Fáìlì mẹ́ta yẹn, ìgbà Apache 1.3.4 ni wọ́n tó kó gbogbo ẹ̀ sínú httpd.conf.

Ẹ tiẹ̀ wo "Limit GET POST" tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fáìlì àtijọ́, ìgbà yẹn ló ti wá. Ohun tó ń sọ ni pé GET àti POST, méjì nínú ọ̀nà tí bíráósà ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ sáfà, nìkan ni kí wọ́n dí, ọ̀nà yòókù wà ní ṣíṣí. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí i.

Require náà ti wà látìgbà yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fi páswọ́ọ̀dù wọlé nìkan ni wọ́n ń fi sọ. Ọ̀rọ̀ méjì yàtọ̀ ni, "ta ni ẹ́?" wà lọ́wọ́ Require, "níbo lo ti ń bọ̀?" wà lọ́wọ́ Allow àti Deny, Satisfy wá ń parí ìjà láàárín wọn. Ohun tí 2.4 ṣe ni pé ó fi Require béèrè méjèèjì, ìjà tí Satisfy ń parí ò sí mọ́. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, mo gbóríyìn fún wọn.

Nginx àti Caddy ńkọ́, ṣé àwọn ò ní wàhálà yìí?

Wọ́n ní in, ọ̀nà kan ò wọ ọjà ni. Nginx tí Igor Sysoev gbé jáde ní 2004 kì í sáré yí nǹkan padà. "ssl on" ń fúnni ní ìkìlọ̀ láti 1.15.0 ní 2018, ó sì di 1.25.1 ní 2023 kí wọ́n tó yọ ọ́ pátápátá, ọdún márùn-ún gbáko. Nínú 1.25.1 yẹn náà ni wọ́n ti ní ká má kọ http2 sórí ìlà listen mọ́, ká kọ "http2 on" sórí ìlà tiẹ̀, èyí tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ìkìlọ̀ ló ń fúnni tẹ́ ẹ bá ṣe "nginx -t". Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù.

Caddy ní tiẹ̀ ya gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí vẹ́ṣọ̀n 2 jáde ní 2020, "proxy" di "reverse_proxy", "gzip" di "encode gzip", Caddyfile (fáìlì kọ́nfígì Caddy) àtijọ́ kàn kọ̀ ni. Ó dun àwọn èèyàn, àmọ́ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Kí ló dé tí wọn ò kàn lo YAML tàbí JSON, gírámà tí ọ̀pọ̀ prógírámù jọ ń lò, kí gbogbo wa sinmi?

JSON ò gba kéèyàn kọ àlàyé sínú ẹ̀, fáìlì kọ́nfígì tí ò ní àlàyé, ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín á ṣépè. YAML ní tiẹ̀, àyè kan ṣoṣo tó bá ṣáko lọ lè yí ìtumọ̀ padà, kó má sì fọhùn. Caddy ń lo JSON lábẹ́, àmọ́ Caddyfile ni wọ́n gbé fún èèyàn láti kọ, ó sì yé mi ìdí ẹ̀.

Mo ń kọ prógírámù tèmi, mo sì fẹ́ yí gírámà kọ́nfígì ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sọ ohun tuntun láé, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ́ kí ti àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó máa kìlọ̀, kí ìkìlọ̀ yẹn dárúkọ fáìlì, kó sọ nọ́ńbà ìlà, kó sì kọ ohun tí ẹni náà máa fi rọ́pò ẹ̀. Tí ẹnì kan bá da tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀ níbì kan náà, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wọlé, kí prógírámù yín kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀, kó má gbìyànjú láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà. Ká ní Apache kọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa gbà mí láti tún un ṣe, nǹkan yẹn ì bá má ṣẹlẹ̀.

Configtest ní Syntax OK. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí. "apachectl configtest" ń wo gírámà nìkan, kò mọ̀ bóyá ohun tẹ́ ẹ kọ ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Kì í sì í wo .htaccess rárá, torí ìgbà tí àlejò bá dé ni Apache ń ka ìyẹn, àṣìṣe kan níbẹ̀ á di 500 (ẹ́rọ̀ láti inú sáfà) lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe "apachectl -S" kẹ́ ẹ rí àwọn sáìtì tó mọ̀, kẹ́ ẹ wá fi "curl -I", àṣẹ tó ń bi sáfà léèrè bí àlejò, wo fódà tẹ́ ẹ dí láti ibi tó yẹ kó ṣí àti láti ibi tí ò yẹ kó ṣí. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mi ò ṣe.

Mo fẹ́ kọ .htaccess tí àwọn èèyàn máa gbé sórí hosting oríṣiríṣi, mi ò mọ vẹ́ṣọ̀n tí wọ́n ń lò.

Ẹ kọ méjèèjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mọ́dúù tó wà nílẹ̀ yan èyí tó máa kà:

    <IfModule mod_authz_core.c>
        Require all denied
    </IfModule>
    <IfModule !mod_authz_core.c>
        Order deny,allow
        Deny from all
    </IfModule>

Èyí kì í ṣe àdàpọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ má ṣe, torí ọ̀kan péré ló máa ṣiṣẹ́ níbikíbi. Tó bá wá jẹ́ pé 500 lẹ rí, tí log sì ní "Require not allowed here", kóòdù yín kọ́ ló ní àṣìṣe: nínú .htaccess, Order ń fẹ́ "AllowOverride Limit", Require sì ń fẹ́ "AllowOverride AuthConfig", ọ̀pọ̀ tó ti kọ Limit sílẹ̀ tipẹ́ ò rántí fi èkejì kún un. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni hosting yẹn, kẹ́ ẹ dárúkọ AuthConfig fún wọn gan-an, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa fi ṣe é.